XR tòkunbọ̀ ni àbí Samsung tuntun? Owó kan náà ni wọ́n ń pè é

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Orí WhatsApp àti Instagram ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń rí ọjà mi. Android tó wà lọ́wọ́ mi ti gbó, ó ń kú síni lọ́wọ́. Owó tí mo tù jọ ká iPhone XR tòkunbọ̀, ó sì ká Samsung Galaxy A16 tuntun nínú páálí. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n má fọwọ́ kan tòkunbọ̀ láéláé. Àwọn tí a jọ ń tajà ní oníbàárà kì í ka ẹni tí kò lo iPhone sí. Káàmẹ́rà ló jẹ mí lógún jù, ṣùgbọ́n iná kì í dúró ládùúgbò wa. Símù méjì ni mò ń lò, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ọjà. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé méjèèjì ló dáa.

* * *

Samsung ni kí ẹ rà, Àǹtí. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, lápá Ìwó Road. Oríṣi méjèèjì tí ẹ dárúkọ yìí ni wọ́n ń gbé wá bá mi lójoojúmọ́, mo sì mọ ohun tó ń ṣe kálukú wọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó fẹ́ ra fóònù ni pé ọdún mélòó ló kù fún un. Ọdún 2018 ni XR jáde. Nígbà tí Apple gbé iOS 26, ètò tó ń darí iPhone, jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọn ò mú XR dání. Orí iPhone 11 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Orí iOS 18 ni XR dúró sí. Àtúnṣe ààbò ṣì ń dé sí i, ṣùgbọ́n ohun tuntun kò ní wọ inú rẹ̀ mọ́. Ìparí ọdún 2024 ni A16 jáde ní tirẹ̀, Samsung sì ṣèlérí update ọdún mẹ́fà fún un, ti Android àti ti ààbò. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ó di 2030.

Ẹ má rò pé àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, WhatsApp kúrò lórí iPhone 5s, 6 àti 6 Plus, nítorí pé wọn kò lè gba iOS 15.1. Àwọn tó ń lò wọ́n gbé wọn wá bá mi, wọ́n rò pé fóònù ló bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe fóònù. App ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ti XR ṣì jìnnà, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Ẹni tó bá ń fi fóònù gba owó ọjà lọ́wọ́ oníbàárà, tó ń wo alẹ́ẹ̀tì báǹkì kó tó di ẹrù, kò yẹ kó ra èyí tí ọ̀nà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Bátìrì XR jẹ́ 2,942 mAh, ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú, nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ tí Battery Health rẹ̀, ìyẹn agbára tó kù nínú bátìrì, bá wà ní 80% ti di nǹkan bí 2,350. Ti A16 jẹ́ 5,000. iPhone mọ iná ṣọ́ lò, mo gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè dí irú àlàfo yẹn. Níbi tí NEPA ti ń mú iná wá lóru tí wọ́n sì ń mú un lọ láàárọ̀, ẹni tó ní XR máa gbé pááwà báǹkì kiri ọjà ni. Ẹ ro owó pááwà báǹkì mọ́ owó XR kí ẹ tó ní owó kan náà ni méjèèjì. A16 pẹ̀lú, okùn nìkan lẹ máa bá nínú páálí rẹ̀. Orí ṣájà ẹ ó rà lọ́tọ̀, ojúlówó 25W ni kó sì jẹ́.

Ti símù rọrùn. A16 tí wọ́n ń tà níbí ń gba símù méjì bí a ṣe mọ̀ ọ́n. XR tó ti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù wá ń gba símù kan, ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ eSIM tí wọn kì í fọwọ́ mú. MTN àti Airtel ń ṣe é, ẹ kàn máa dé ọ́fíìsì wọn ni.

* * *

Àwọn kan ti ń sọ pé mo fo káàmẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ohun tí Àǹtí ní ó jẹ òun lógún gan-an nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀.

Ní fídíò, XR ju A16 lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. XR ń ya fídíò 4K tó mọ́ kedere gan-an, ó sì ní ohun tó ń di awò rẹ̀ mú tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. A16 kò kọjá 1080p tí kò mọ́ tó 4K, kò sì ní ohun tó ń di awò mú. Ẹni tó bá ń rìn káàkiri Ìtòkú tó ń ya fídíò bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ sí okùn, tó ń gbé e sórí TikTok, tirẹ̀ á dán ju ti ẹni tó lo A16 lọ. Tí fídíò bá ni ilé-iṣẹ́ yín, ẹ pa gbogbo ohun tí mo kọ sókè tì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. WhatsApp ń fún àwòrán àti fídíò mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè fúyẹ́, pàápàá lórí status. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti fi HD kún un fún àwòrán, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Fídíò 4K tí XR yà kò ní gúnlẹ̀ sórí fóònù ẹni tó wà ní Port Harcourt ní 4K. Dátà ni ẹ máa fi jó, ààyè inú fóònù á sì kún, nítorí iPhone kò ní ibi tí a ń ki káàdì mẹ́mórì sí. Tòkunbọ̀ XR tí wọ́n ń ta ní pọ́ọ́kú sì máa ń jẹ́ 64GB.

Ní ti àwòrán aṣọ lásán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 50 megapixel ti A16 tàbí 12 ti XR bá yín jà. Lójú mọ́mọ́, àwòrán méjèèjì á tẹ́ oníbàárà lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́ tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣú, XR kò ní Night mode rárá. iPhone 11 ló kọ́kọ́ ní in. Èyí máa ń ya àwọn tó rò pé gbogbo iPhone ló ń ríran lóru lẹ́nu.

Èyí tó ṣe kókó fún ẹlẹ́lùú ni àwọ̀. Aró tó jinlẹ̀ máa ń da fóònù láàmú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá burú, fóònù kan á sọ ọ́ di dúdú, òmíràn á fi àwọ̀ àlùkò kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ìjà tó ń tibẹ̀ wá: "Èyí tí mo rí nínú fọ́tò kọ́ lẹ gbé wá." Fóònù olówó ńlá nìkan kò lè yanjú ìyẹn. Ẹ kó aṣọ sábẹ́ ìbòòji tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe inú oòrùn gangan, ẹ fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán àkọ́kọ́, ẹ tẹ ojú aṣọ lórí fóònù kó lè fojú sí i, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Tí bébà yẹn bá funfun nínú àwòrán, aró yín á sún mọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má fi filter kankan sí i. Ojú AMOLED bíi ti A16 tún máa ń mú àwọ̀ ràn ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹ fi fóònù ẹlòmíràn yẹ àwòrán wò kí ẹ tó gbé e síta.

* * *

"Oníbàárà kì í ka ẹni tí kò lo iPhone sí."

Mi ò ní bú ẹni tó sọ ọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀ níbi kan. Ẹni tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún àwọn olówó Lẹ́kí, tó ń wọ ilé wọn lọ wọ̀n wọ́n, wọ́n máa wo ohun tó fà yọ nínú báàgì. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, apá kan owó iPhone rẹ̀ ti di owó ọjà, mi ò sì lè bá a jiyàn.

Àmọ́ oníbàárà yín, Àǹtí, kò rí ọwọ́ yín. Aṣọ ló rí, ó rí iye tí ẹ kọ sí i, ó sì rí bí ẹ ṣe yára dáhùn. Ohun tó ń lé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lọ ni kó kọ "ṣé ó ṣì wà?" ní ọ̀sán, kí àmì kan ṣoṣo máa dúró lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di alẹ́ torí pé fóònù yín ti kú. Ẹlòmíràn ní Ìtòkú kan náà á ti tà fún un.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń pariwo "Android ni gbogbo rẹ̀" náà gbọ́. Kí nǹkan wu èèyàn, ìdí pàtàkì ni. Àwọn oníbàárà mi kan wà tí ọmọ wọn wà lókè òkun, FaceTime ni wọ́n fi ń rí ojú ọmọ-ọmọ wọn, wọn ò sì fẹ́ kọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn kan fẹ́ fóònù tí ọwọ́ kan lè ká. XR jẹ́ ínṣì 6.1, A16 jẹ́ 6.7. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì na aṣọ tó ń fi ọ̀tún ya fọ́tò máa mọ ìyàtọ̀ yẹn lára. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé méjèèjì dání, ẹ fi ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Tí A16 bá fi púpọ̀ tóbi jù fún ọwọ́ yín, ìyẹn tó ìdí láti yí ìpinnu padà. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ìfẹ́ inú yín ni ẹ ń tẹ̀ lé, kí ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ òwò.

* * *

Àbúrò yín ní kí ẹ má fọwọ́ kan tòkunbọ̀ láéláé. Níbí ni èmi àti òun ti yà. Tòkunbọ̀ tó mọ́ wà, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn mi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó. iPhone 13 tòkunbọ̀ tí kò tíì rí ọwọ́ àtúnṣe dára ju púpọ̀ nínú àwọn fóònù tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ibi tí ìjàǹbá wà ni kí èèyàn rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wọ Settings, General, About. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Model Number ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ M, ní tuntun ni wọ́n tà á. F jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó tún un tà. N jẹ́ èyí tí Apple fi pààrọ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́. F àti N kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí owó wọn wálẹ̀. Ní ojú ewé kan náà, ẹ wo Carrier Lock. "No SIM restrictions" ni kó wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọn ò tì í pa mọ́ network kan. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ohun kan nínú rẹ̀, Parts and Service History á yọjú, "Unknown Part" sì túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n fi pààrọ̀ kì í ṣe èyí tí Apple mọ̀.

Ohun tí àwọn tó ń tà kì í sọ ni pé lórí XR, ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan ni ojú ewé yẹn ń sọ. Láti orí iPhone 11 ló ti ń sọ ti ojú fóònù, láti orí 12 ló ti ń sọ ti káàmẹ́rà. XR tí ojú rẹ̀ jẹ́ ayédèrú lè mọ́ tónítóní nínú Settings. Ẹ wá True Tone, ohun tó ń mú àwọ̀ ojú fóònù bá ìmọ́lẹ̀ àyíká mu, lábẹ́ Display and Brightness. Tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Tó bá wà, ẹ ṣì má tíì gbà tán, nítorí àwa tí a ń tún un ṣe ní ẹ̀rọ tó ń dá True Tone padà. Ẹ tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè pátápátá, ẹ wo etí rẹ̀ yíká bóyá òjìji dúdú wà, ẹ fa app kan káàkiri gbogbo ojú rẹ̀ bóyá ibì kan wà tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn. Battery Health tó jẹ́ 100% lórí fóònù ọdún 2018, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì yẹn ni. Ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n fi sí i.

Ẹ yẹ Face ID wò, èyí tó ń fi ojú yín ṣí fóònù. Tó bá ti kọ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn, kì í sì í fìgbà gbogbo yọrí. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, kí ẹ tò ó títí dé ojú àkọ́kọ́. Tó bá béèrè Apple Account ẹlòmíràn, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ni account yẹn nìkan ló lè tú u sílẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ tẹ *#06#, kí IMEI, nọ́mbà ìdánimọ̀ fóònù, tó jáde bá ti orí rìsíìtì mu. Tó bá jẹ́ Computer Village n'Íkẹjà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní àdírẹ́sì tí ẹ lè padà sí. Ẹ má bá ẹni tó ń fa èèyàn lápá lójú ọ̀nà Ọ̀tígbà dòwò, bó ti wù kí owó tó pè kéré tó.

Tí àbúrò yín bá rò pé ìyẹ̀wò yìí pọ̀ jù fún yín láti dá ṣe, ó gba ibẹ̀ tọ̀nà: ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, tàbí kí ẹ ra tuntun.

* * *

Ẹlòmíràn bèèrè pé: "Kí ló dé tẹ́ ò dárúkọ Tecno àti Infinix?" Nítorí pé Àǹtí kò bèèrè wọn. Àmọ́ ìbéèrè náà tọ́. Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ni méjèèjì àti itel, wọ́n sì ti ń ṣe fóònù tó mọ ilẹ̀ wa tipẹ́: bátìrì ńlá, símù méjì, káàmẹ́rà tí wọ́n ṣe kó lè mú àwọ̀ ara dúdú dáadáa. Carlcare tó ń tún wọn ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ohun èlò wọn kò sì wọ́n lọ́jà. Èmi tí mò ń tún fóònù ṣe mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó. Ohun tí mo bá wọn wí ni pé ìlérí update lórí àwọn olówó pọ́ọ́kú wọn kúrú sí ti A16, àwọn app àti ìpolówó tí èèyàn kò bèèrè sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí káàmẹ́rà bá jẹ lógún kí ó wo Camon ti Tecno, kí ó fo Spark.

Ẹ ṣọ́ra fún RAM, ibi tí fóònù ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tí wọ́n ń kọ sára páálí. "16GB" tí ẹ rí níbẹ̀ lè jẹ́ 8GB gidi tí wọ́n fi 8GB kún láti inú ibi ìkópamọ́. Èyí tí wọ́n fi kún un yẹn kì í yára bí RAM gidi. RAM gidi nìkan ni kí ẹ fi díwọ̀n. Samsung náà ń ṣe irú rẹ̀, RAM Plus ni wọ́n ń pè é.

* * *

Ẹnìkan tún kọ̀wé pé ẹ̀gbọ́n òun ní Houston, l'Amẹ́ríkà, fẹ́ fi iPhone 14 ránṣẹ́ sí òun. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ó ti san gbèsè rẹ̀ tán lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ network, torí èyí tí wọ́n tì pa mọ́ network kan níbẹ̀ kò ní gba símù wa. Láti orí 14, iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ilé símù rárá, eSIM nìkan ni. Ó ń ṣiṣẹ́ níbí, àmọ́ tí fóònù bá kú lójú ọjà, ẹ ò lè yọ símù kí ẹ fi sínú ti ẹlòmíràn láti gba kóòdù báǹkì. Ti Lọ́ńdọ̀nù rọrùn jù: láti oṣù kejìlá ọdún 2021 ni wọn kò ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ network ibẹ̀ láyè mọ́ láti ta fóònù tí wọ́n tì pa, 14 tibẹ̀ sì ní ilé símù.

* * *

Àǹtí ti padà wá: "Tí mo bá fi díẹ̀ kún owó yẹn, kí n wá iPhone 11 dípò XR ńkọ́? Báwo sì ni WhatsApp mi ṣe máa bọ́ sínú fóònù tuntun láìpàdánù àwọn oníbàárà?"

iPhone 11 yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Ó gba iOS 26, ó ní Night mode, ó sì ní awò fífẹ̀ tó lè mú odindi aṣọ ọ̀pá márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré láìjẹ́ pé ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Bátìrì rẹ̀ 3,110 mAh kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti XR lọ, ọdún 2019 ló sì ti jáde. Tí iná àdúgbò yín bá dára, mo lè gbà. Bó ṣe rí yìí, tí fóònù yín sì ti ń kú síni lọ́wọ́, A16 ni mo ṣì dúró lé. Tí ọjà bá dára, tí fídíò sì ń wu yín, ẹ fo 11, kí ẹ tu owó jọ fún 13.

Ní ti WhatsApp, láti Android sí Android ni tiyín, kò le. Símù ọjà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, torí kóòdù máa wọlé sórí rẹ̀. Ẹ so fóònù méjèèjì mọ́ Wi-Fi kan náà, ẹ gbé wọn súnmọ́ ara wọn. Lórí ti àtijọ́, ẹ wọ Settings, Chats, Transfer chats, kí ẹ fi káàmẹ́rà rẹ̀ ya QR code tí ti tuntun bá gbé síta. Kò kan Google Drive, nítorí náà 15GB ọ̀fẹ́ yín kò ní kún. Ẹ ṣe ti WhatsApp Business lọ́tọ̀, ẹ ṣe ti ilé lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ti Android bọ́ sórí iPhone, Move to iOS ni kó lò, nígbà tó bá ń to iPhone náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá ti tò ó tán, àfi kó tún pa á rẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù àtijọ́ títí tí ẹ fi máa rí káṣílọ́ọ̀gù ọjà yín lódindi lórí ti tuntun. Ẹ gba rìsíìtì A16 yín kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ IMEI rẹ̀ sí i.